Ó Wà, Ó sì Wá

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ohun tí wíwà jẹ́. Kí ló túmọ̀ sí pé nǹkan wà, dípò kí ó má sí rárá? Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ń béèrè ìbéèrè yìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ, òun náà ló sì ń dáhùn rẹ̀. Bàbá Wíwà ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ó gbọ́ orúkọ náà, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn sí i.

Ìwọ òǹkàwé mi, má tíì sọ ìwé yìí nù. Mo mọ̀ pé o ti ka ìtàn ọ̀mùtí rí, o sì ti ka ti olè. Ọkùnrin yìí kò mutí, kò jalè, kò sì bá ìyàwó oníyàwó lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ wọ kóòtù, ó so táì, ó sì ní ìwé-ẹ̀rí mẹ́ta lára ògiri. Irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòro láti mú, nítorí gbogbo ayé ló ń kí i ẹ kú iṣẹ́.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, lọ́dọọdún, yóò dúró níwájú pátákó, yóò ní, "Ẹ wo bí èdè wa ṣe jinlẹ̀ tó. A máa ń sọ pé nǹkan wà. Ta ló ti gbọ́ 'kò wà' rí?" Àwọn ọmọ yóò rẹ́rìn-ín. "Kò sí là ń wí. Ọ̀rọ̀ náà á parẹ́ pátápátá, òmíràn á gba ipò rẹ̀. Ẹni tí kò sí, kò tilẹ̀ ní 'wà' tí èèyàn lè sẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sínú ẹ̀kọ́ gan-an. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ inú ìjọ láyé àtijọ́ ló ti kọ́ ọ, àti lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jí ẹ̀kọ́ wọn dìde lóde òní. Ohun tí nǹkan jẹ́, ọ̀tọ̀ ni. Pé nǹkan náà wà, ọ̀tọ̀ ni. O lè ṣàlàyé ilé alájà mẹ́wàá fún mi, iye yàrá rẹ̀ àti àwọ̀ ọ̀dà rẹ̀, kí ilé náà má sì sí níbì kankan. Nítorí náà, ohunkóhun tí wíwà kì í bá ṣe tara rẹ̀, ẹlòmíràn ló fún un ní wíwà. Ẹ̀bùn ni.

Yóò wá lọ sídìí súwíìṣì. Wọ́n á ti fa kọ́tìnnì. "Gílóòbù yìí kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe pé ó gbà á lẹ́ẹ̀kan kó wá tọ́jú rẹ̀ sápò. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí ló ń gbà á." Yóò pa iná, yàrá yóò ṣókùnkùn biribiri. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọn yóò máa gbọ́: "Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ."

Bí ó bá ti tan iná padà, yóò fi hàn wọ́n pé kò lè jẹ́ pé gbogbo nǹkan kàn ń gba wíwà lọ́wọ́ òmíràn títí láé. Ẹnì kan ní láti wà tí kò gba wíwà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí ohun tí Ó jẹ́ gan-an kò ju pé Ó wà lọ. Yóò kọ ỌLỌ́RUN WÀ gàdàgbà sórí pátákó, yóò fa ìlà méjì sí i nídìí, yóò gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, yóò sì lọ jẹun.

Ó ti fi han ọmọ bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin pé Ọlọ́run wà. Òun alára kò tíì bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọdé. Ó kọ ìwé ńlá kan lórí wíwà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, kò sì sọ fún Ẹni tó fúnni lẹ́bùn náà lẹ́ẹ̀kan pé, ẹ ṣé. Ọlọ́run rẹ̀ dé orí pátákó, ibẹ̀ ló sì dúró sí.

Nílé, ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àwọn aláboyún, máa ń sọ fún un pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ wà nílé o, ṣùgbọ́n ẹ ò sí." Yóò gbójú sókè nínú ìwé, yóò ní gbólóhùn náà ta ko ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin náà, ó jókòó tì í ní ọsibítù lóòótọ́, ó ń máàkì ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyàwó rẹ̀ tọrọ omi. Ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ló dìde, ó bu omi fún un. Nígbà tí Bàbá Wíwà yóò fi gbójú sókè, ìyàwó rẹ̀ ti mu omi tán, ó sì ti kọjú sí ògiri. Ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé inú "wà" ni ọ̀rọ̀ náà "ìwà" ti jáde. Òun mọ wà yẹn dunjú, ìwà ni kò rí ṣe.

Ilé ìkàwé yunifásítì náà ní yàrá kan ní abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọn ìwé àtijọ́ sí. Kò ní fèrèsé, irin sì ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Bàbá yìí kì í ti ilẹ̀kùn kankan láìkọ́kọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì pè pé, "Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?" Bó jẹ́ ẹ̀fọn nìkan ló wà nínú yàrá, yóò pè é dandan. Àwọn ọmọ iléèwé bá sọ ọ́ ní Ṣéẹnìkan.

Ó ṣẹlẹ̀ pé háńdù ilẹ̀kùn náà ti apá inú bàjẹ́. Ṣéẹnìkan lọ sọ fún wọn ní ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn: HÁŃDÙ INÚ TI BÀJẸ́. BÍ ẸNÌ KAN BÁ WÁ NÍNÚ, KÍ Ó JỌ̀WỌ́ DÁHÙN.

Bàbá Wíwà débẹ̀ lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ bọ́ sára ìwé náà, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Ó yọ bírò pupa lápò, ó fa igi lé àmì tó wà lórí WÁ, ó sì fi àmì tó tọ́ sí i: WÀ. Ara rẹ̀ wá balẹ̀. Àmì ló kà, kò ka ọ̀rọ̀ náà.

Ṣéẹnìkan wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ó ní. "Ọwọ́ mi ló ṣì."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́," ni Bàbá Wíwà wí. "Wá ni kí èèyàn kúrò níbì kan dé ibòmíràn. Wà ni kó wà. Gbogbo iṣẹ́ ayé mi, àárín àmì méjèèjì yẹn ló wà. O gbọ́ mi?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pe bàbá náà ní "o", bàbá tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ dáadáa.

"Mo gbọ́, sà." Ṣéẹnìkan ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Ṣé ẹ ò ní bínú, ọ̀gá? Gbogbo ìgbàlà tèmi náà, àárín àmì méjèèjì yẹn náà ló wà."

"Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?"

"Wọ́n ní ẹ máa ń fi yé àwọn ọmọ pé Ọlọ́run wà. Òótọ́ ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé Ó kàn wà sọ́hùn-ún ni, èmi tí mo ti fi ayé mi ṣòfò nígbà yẹn, kí ló kàn mí? Ó wà, Ó sì wá. Ó gbé ara èèyàn wọ̀. Jésù lorúkọ Rẹ̀, Ó sì kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi tí ẹ ń wò yìí. Ẹ ti mú wà, ọ̀gá mi. Wá ló kù."

Kí ni olùkọ́ wa ṣe sí ọ̀rọ̀ rere yìí? Ó lọ sí ọ́fíìsì, ó kọ lẹ́tà. Wọ́n pe bàbá náà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ wàásù lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Bàbá fọwọ́ síwèé. Lọ́jọ́ kejì, ó kí Bàbá Wíwà bó ṣe máa ń kí i. Bàbá Wíwà kò dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Ẹtì, iléèwé fẹ́ gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá. Bàbá Wíwà ń lọ sí ìlú mìíràn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, níbi tí àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ ṣe ìpàdé lórí wíwà. Ó ti dágbére fún ìyàwó rẹ̀. Ó gbé báàgì, fóònù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì ọ́fíìsì, ó ní kí òun sáré mú ìwé kan nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni.

Ó ti jókòó sẹ́yìn àwọn pẹpẹ ìwé nígbà tó gbọ́ ọ. Kó, kó, kó. "Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?"

Ó gbọ́ o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kò gbọ́. Ó gbójú sókè, ó wo ọ̀kánkán ilẹ̀kùn. Kí òun, ọ̀gá odindi ẹ̀ka, máa pariwo "mo wà" fún aṣọ́lẹ̀kùn, bí ọmọ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì? Ó dákẹ́.

"Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?" Ó ṣí ewé ìwé kan. Nígbà tí bàbá náà pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí òun bá ṣe tán, òun yóò fi háńdù ṣílẹ̀kùn fúnra òun. Kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́nu ihò. Ẹsẹ̀ bàbá náà gun àtẹ̀gùn lọ, ó sì dákẹ́.

Nígbà tó parí ìwé rẹ̀, ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí háńdù. Ihò lọwọ́ rẹ̀ bá.

Ìgbà yẹn ló tó rántí ìwé tó fi bírò pupa tún ṣe. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó fi bàtà lu irin. Irin náà nípọn, àwọn èèyàn sì ti ń lọ sílé. Bó ṣe ń lu ilẹ̀kùn lọ́wọ́, ẹni tó ń pa iná gbogbo ilé náà láti òkè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, gílóòbù orí rẹ̀ sì kú.

Ó fi ẹsẹ̀ wọn yàrá náà nínú òkùnkùn. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ní gígùn, mẹ́rin ní ìbú, eruku ìwé ń wọ̀ ọ́ nímú, kò sì sí ẹ̀kán omi kan. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń rò ó. Ìyàwó òun á rò pé òun wà nípàdé. Àwọn ará ìpàdé á rò pé òun wà nílé. Kò sí ẹni tí yóò wá òun títí ọjọ́ mẹ́wàá, òùngbẹ kì í sì í jẹ́ kéèyàn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ibi gbogbo tí wọ́n bá ti dárúkọ òun, kò sí ni wọn yóò máa wí. Ọ̀rọ̀ tó fi ń pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín wá ká a mọ́bẹ̀, kò sì pa á lẹ́rìn-ín.

Ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ, ó sì tún padà. Ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. Orí ń fọ́ ọ, etí rẹ̀ ń hó, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Kí ẹ̀rù má bàa pa á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sókè, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń wá ibi tí kò ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí bí ó bá rí i, yóò kàn kú níbẹ̀ bí ẹran, kò ní ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Kò rí i. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òun kọ́ ló ni wíwà òun. Gílóòbù ni òun.

Bẹ́ẹ̀, wọn kò tíì pa òun. Iná kú, òun kò kú. Ní ìṣẹ́jú yìí, nínú ihò yìí tí aráyé kankan kò mọ̀ pé òun wà, Ẹnì kan ṣì ń fún òun ní wíwà, ní èémí kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹni náà mọ ibi tí òun wà. Ẹni náà kò sì dáwọ́ fífún òun dúró fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, gbogbo ìgbà tí òun fi ń jẹ ẹ̀bùn náà bí ogún bàbá òun.

Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Omi nìkan ló ń rò. Ibẹ̀ ni ohùn ìyàwó rẹ̀ ti sọ sí i lọ́kàn, ohùn jẹ́jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù: "Ẹ jọ̀ọ́, omi." Ọkùnrin náà bo ojú, ó sì sunkún bí ọmọdé. Kì í ṣe nítorí pé yóò kú. Ojú ara rẹ̀ ló tì í.

Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè bàbá náà kò fi í sílẹ̀ mọ́, ó wá yé e pé aṣọ́lẹ̀kùn nìkan kọ́ ló ti ń bi òun. Láti kékeré ni Ẹnì kan ti ń kan ilẹ̀kùn òun, tí Ó ń béèrè bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀, tí òun sì ń dákẹ́ nítorí ìgbéraga.

"Mo wà níbí," ó wí nínú òkùnkùn. Ohùn rẹ̀ kò fẹ́ jáde. "Olúwa, mo wà níbí. Mo ti sọ̀rọ̀ Yín títí, mi ò bá Yín sọ̀rọ̀ rí. Agbéraga ni mí. Mo pa ìyàwó mi tì, mo fi ojú àbùkù wo bàbá tó sọ òótọ́ fún mi. Bó bá jẹ́ lóòótọ́ lẸ wá, Jésù, bó bá jẹ́ irú èmi yìí lẸ tìtorí ẹ̀ wá, Ẹ wá síhìn-ín. Ẹ dárí jì mí."

Ilẹ̀kùn kò ṣí. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Òùngbẹ kò dáwọ́ dúró, òkùnkùn náà kò sì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà nínú yàrá náà. Ó ṣe ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Ó dúpẹ́ pé òun wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Ṣéẹnìkan ti ṣọ́ọ̀ṣì yà sí ilé ìkàwé. Ọ̀rọ̀ háńdù náà kò jẹ́ kó gbádùn ìsinmi rẹ̀, ó wá fi owó ara rẹ̀ ra tuntun. Iléèwé ti pa lọ́lọ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bàbá yìí. Ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ná. "Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, sà."

Bàbá náà sáré ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ó bá ọ̀gá àgbà náà lórí ìkúnlẹ̀, táì rẹ̀ dọ̀tí, ojú rẹ̀ wú.

"Bàbá, ẹ wá," ni Bàbá Wíwà ń wí. "Ẹ dárí jì mí, sà. Ẹ wá."

"Mo wá, ọmọ mi," ni bàbá náà dá a lóhùn, ó sì gbé e dìde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá Wíwà lò ní ọsibítù. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́ bu omi fún un, ọkùnrin náà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọjọ́ tí o tọrọ omi," ó ní, "mi ò sí níbẹ̀. Òótọ́ lo máa ń sọ, gbólóhùn yẹn ò ta ko ara rẹ̀ rárá. Dárí jì mí. Mo ti wá."

Obìnrin náà gbé ife sílẹ̀. "A ó máa wò ó," ó ní, ṣùgbọ́n kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Wọ́n ti ń wò ó láti ọdún mẹ́ta báyìí, ohun tí wọ́n rí sì dára.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ yàrá náà, ó tún dúró níwájú pátákó. Ó kọ́ wọn bó ṣe máa ń kọ́ wọn, ó pa iná, ó tan iná, ó kọ ỌLỌ́RUN WÀ. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí abẹ́ rẹ̀: Ó SÌ WÁ. Ọmọbìnrin kan níwájú nawọ́ sókè. "Ẹ má bínú, sà, ẹ ti ṣi àmì ìkejì yẹn fi sí i."

Bàbá Wíwà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Rárá o, ọmọ mi," ó ní, "ẹ̀ẹ̀kan yìí ni mo tó fi í síbi tó yẹ."

Ìwọ òǹkàwé mi, ìwọ ńkọ́? Bóyá ìwọ náà gbà pé Ọlọ́run wà. Bóyá o tilẹ̀ lè bá ẹni tó bá sọ pé kò sí jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìyẹn kò tíì gbà ọ́ là. Mélòó ni a ti rí tí wọ́n mọ̀ pé Ó wà, tí wọ́n sì kú sínú yàrá tí wọ́n ti ara wọn mọ́! Ọlọ́run tí ó wà ti wá ọ wá nínú Jésù Kristi, títí dé orí àgbélébùú. Kò ní kí o wá fi hàn pé Òun wà. Ó fẹ́ kí o dá Òun lóhùn.

Má sọ pé ọ̀la, nítorí èémí tí o fẹ́ fi sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tìrẹ. Má wo ipò rẹ, má wo ìwé-ẹ̀rí rẹ, má sì wo iye ọdún tí o ti fi dákẹ́. Níbi tí o jókòó sí yìí, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Un, kí o sì gbà Á gbọ́. Bí o kò bá tilẹ̀ mọ àdúrà kankan, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀: mo wà níbí.

Kọ́kọ́rọ́ kò tíì yí. Ó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ọwọ́ Rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn, Ó sì tún ń pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?